Òkun Ló Ni Erékùṣù, Kì í Ṣe Oòrùn

Ọ̀rọ̀ kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn tó ń wá iṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n á ní ẹni tó ń lọ sí Kánádà ló yẹ kó máa ra ẹ̀wù òtútù, kó sì máa gbàdúrà kí yìnyín má pa òun. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ sí erékùṣù kan ní Kàríbíánì, ilé mìíràn ló kàn ṣí lọ. Oòrùn kan náà ló ń ràn níbẹ̀, wọ́n ní. Àgbọn wà, iṣu wà, èèyàn dúdú ló pọ̀ jù, àwọn kan nínú àwọn erékùṣù ọ̀hún kì í tilẹ̀ béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Kí ni èèyàn tún fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀?

Òtítọ́ díẹ̀díẹ̀ wà nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ yìí, òun náà ni kò sì jẹ́ kí àṣìṣe inú rẹ̀ rọrùn láti rí. Gbòǹgbò àṣìṣe náà ni ìgbàgbọ́ pé bí ooru ìlú méjì bá ti dọ́gba, ìgbésí ayé inú wọn yóò dọ́gba pẹ̀lú. Barbados ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí orúkọ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu àwọn ajẹ́nti tó ń bá èèyàn wá iṣẹ́ òkèèrè, ó sì kéré tó ohun tí èèyàn lè yẹ̀ wò tán. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 431 lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ilẹ̀ tirẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, yóò gba irú rẹ̀ mẹ́jọ, àyè á tún ṣẹ́kù. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó nǹkan bí 280,000.

Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ ayé, kí ẹ fa ìlà láti Sókótó lọ tààrà sí ìwọ̀-oòrùn. Ìlà náà yóò gba àwọn ilẹ̀ bíi Bùkínà Fásò àti Màlì kọjá, yóò bọ́ sí Òkun Àtìláńtíìkì, ilẹ̀ tí yóò sì kọ́kọ́ kàn ní òdìkejì òkun náà ni Barbados. Sókótó àti Barbados jọ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 13 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Ká ní oòrùn nìkan ló ń pàṣẹ fún ojú ọjọ́ ni, ì bá yẹ kí ooru wọn jọra. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún, ooru Sókótó a máa kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí ti Barbados kì í sábà kọjá 32 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀. Sókótó a máa tutù lóru nígbà ọyẹ́ débi tí wọ́n ń da aṣọ bora. Òru Barbados kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán rẹ̀. Òkun ló dá ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀. Omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù, afẹ́fẹ́ tó ń ti ìlà-oòrùn fẹ́ gba orí omi náà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ má dáwọ́ dúró láàárín ọdún.

Ẹni tó bá gbà pé òkun ló ń ṣàkóso, tí kì í ṣe oòrùn, yóò rí i pé ìbéèrè tó yẹ kó bi ara rẹ̀ kó tó gbéra yí padà. Kò ní bèèrè mọ́ bóyá ibẹ̀ gbóná. Yóò bèèrè ohun tí òkun ń gbé wá, ohun tó ń gbé lọ, àti iye tó ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé. Ilé tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn ní Barbados a máa gba afẹ́fẹ́ dáadáa, owó iná ẹ̀rọ amúlétutù á sì dín kù. Ṣùgbọ́n tí ilé náà bá wà létí òkun gan-an ní ìhà ìlà-oòrùn yẹn, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yóò máa jẹ irin: ìdè ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn fíríìjì, ara ọkọ̀, títí kan wáyà inú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó fẹ́ gba ilé gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irin ibẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé. Òkun ìhà yẹn náà kì í ṣe òkun ìwẹ̀. Ní Bathsheba, ìgbì ń ru láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ìṣàn abẹ́ omi rẹ̀ sì lágbára. Ìhà ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ti máa ń wẹ̀. Igi kan tún wà létíkun tí wọ́n ń pè ní manchineel, èso rẹ̀ jọ àpù kékeré aláwọ̀ ewé, májèlé sì ni. Oje rẹ̀ a máa bó èèyàn lára. Bí òjò bá ń rọ̀ tí ẹnìkan sá sábẹ́ rẹ̀, omi tó ń kán bọ̀ láti ara ewé tó láti mú kí awọ ara rẹ̀ lé ròrò. Wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara àwọn igi náà. Kí ẹ fi èyí han àwọn ọmọdé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá mú wọn dé etíkun.

Ohun tó léwu jù tí òkun ń gbé wá ni ìjì ńlá tí wọ́n ń pè ní hurricane. Àsìkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ó sì parí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá. Ibi tí ìjì náà ti ń ṣẹ̀ wá ló sì yani lẹ́nu jù. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà òjò, ìrudíde afẹ́fẹ́ kan a máa ti àárín ilẹ̀ Áfíríkà rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a máa gba òkè Nàìjíríà kọjá pẹ̀lú òjò àti àrá, títí yóò fi bọ́ sí orí omi létí Sẹ̀nẹ̀gàl. Púpọ̀ nínú wọn á tú ká sórí omi. Díẹ̀ nínú wọn á rí omi gbígbóná, wọ́n á fa agbára láti inú rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, nígbà tí wọ́n bá sì fi dé Kàríbíánì, ìjì tó ń ṣí òrùlé ni wọ́n ti dà. Ẹni tó rò pé òun mọ òjò nítorí pé òun dàgbà sí Ìbàdàn kò tíì rí ohun tí òjò náà ń dà lẹ́yìn tó bá rìn kọjá òkun.

Barbados wà ní ìlà-oòrùn àwọn erékùṣù yòókù, ìjì sì sábà máa ń gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ìyẹn náà wá bí àṣìṣe mìíràn, àní lọ́kàn àwọn ọmọ ilẹ̀ náà: pé ìjì kì í kọlu Barbados. Lẹ́yìn Hurricane Janet ní 1955, ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí òmíràn tó tún kọlù wọ́n. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje 2021, Elsa dé, ó sì ṣí òrùlé ọ̀pọ̀ ilé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024, Beryl gba gúúsù erékùṣù náà kọjá láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ìgbì òkun tó rú sókè fọ́ ọkọ̀ àwọn apẹja ní ìdíkọ̀ wọn, nígbà tí Carriacou, erékùṣù kékeré kan tó jẹ́ ti Grenada, fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tán.

Mo tún gbọ́dọ̀ tọ́ àṣìṣe òdìkejì sọ́nà, torí àwọn kan ti ń sọ pé kò sí erékùṣù tí ìjì kì í pa run. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyíbírí ayé ló ń mú ìjì yí, agbára ìyíbírí yìí kò sì tó nǹkan nítòsí ìlà tó pín ayé sí méjì. Ìdí nìyẹn tí hurricane kì í fi jà ní erékùṣù São Tomé, tó wà nítòsí ìlà náà. Trinidad, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́bàá Venezuela, kì í sábà bọ́ sọ́nà wọn. Mauritius ní tirẹ̀ wà ní gúúsù ayé: ìjì ibẹ̀ máa ń jà láti nǹkan bí oṣù kọkànlá dé oṣù karùn-ún, ìgbà tí Kàríbíánì ń sinmi gan-an. Nítorí náà, kí ẹni tí wọ́n bá fún níṣẹ́ wá orúkọ erékùṣù náà lórí àwòrán ilẹ̀ kó tó dáhùn.

Ohun tó yẹ kéèyàn ṣe sí ọ̀rọ̀ ìjì kò ṣòro, àmọ́ kò ṣe é fi dọ̀la. Kí ẹ bi ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ bóyá ilé tó fẹ́ fún yín ní pátákó tàbí irin tí wọ́n fi ń bo fèrèsé, bóyá wọ́n fi irin de òrùlé mọ́ ògiri, àti bóyá owó oṣù yóò máa wọlé bí ìjì bá ti ilé iṣẹ́ pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ìdáhùn náà wà nínú ìwé. Kí pásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ wà nínú ohun tí omi kò lè wọ̀. Kí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́, nítorí bí iná bá lọ, káàdì báńkì kò wúlò níwájú ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Tí ẹ bá sì lágbára láti yan ìgbà tí ẹ máa dé, ẹ má yan oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, nígbà tí ìjì máa ń pọ̀ jù, tí ẹ kò sì tíì mọ ẹnì kankan.

Kì í ṣe ìjì nìkan ló ń ti Áfíríkà la òkun já, eruku náà ń bá wa dé ibẹ̀. Láti 1965 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Joseph Prospero, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ní Barbados, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi hàn pé ó ń la òkun já. Ìgbà òjò tiwa, láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée tó sì rò pé òun ti sá fún ọyẹ́ gbọ́dọ̀ mú oògùn fífà-símú rẹ̀ dání.

Ní ti oúnjẹ àti owó, òkun tún ni. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí wọ́n ti fi ilẹ̀ tó dára jù ní Barbados gbin ìrèké fún ọjà òkèèrè. Lónìí, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ibẹ̀ wọlé: ìrẹsì, wàrà, ìyẹ̀fun, ẹran, títí kan ọ̀pọ̀ ewébẹ̀. Owó ọkọ̀ wà lórí rẹ̀, owó ibodè wà lórí rẹ̀, owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 17.5 nínú ọgọ́rùn-ún sì wà lórí èyí tó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà. Ẹni tó bá rò pé erékùṣù tó ní oòrùn àti òjò ni ata ti máa ń hù lọ́fẹ̀ẹ́ yóò dúró pẹ́ níwájú àtẹ ata. Ẹja gan-an kì í pọ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Ẹja tó ń fò, tó jẹ́ àmì ilẹ̀ náà, ní àsìkò tirẹ̀.

Síbẹ̀ ẹnu kò ní ṣàjèjì púpọ̀. Oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn jù ni cou-cou, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ ilá títí tó fi dì, tí wọ́n sì fi ọbẹ̀ ẹja sí lára. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò rí i tí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe. Gbẹ̀rẹ̀fútù pọ̀, iṣu wà lásìkò rẹ̀. Epo pupa ni kò sí ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí, èlùbọ́ náà kò sì sí. Ohun gbígbẹ tí wọ́n dì dáadáa ni kí ẹ gbé, kí ẹ sì sọ fún àwọn aṣọ́bodè pé ó wà nínú ẹrù yín. Ewé tútù, èso àti ẹran, yálà tútù tàbí gbígbẹ, ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Bí ó bá wá ṣe ti ìgbín ni, ẹ má dán an wò rárá. Láti 2000 ni ìgbín ńlá kan tó ti Áfíríkà ṣẹ̀ ti dé Barbados, ó ń jẹ irè oko wọn run, ìjọba sì ti ń bá a jà láti ìgbà náà. Ẹni tó bá gbé ìgbín ààyè wọ ibẹ̀ láti lọ sìn ín kò ní rí ẹni tó máa kí i kú oríire.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù nílò kéèyàn dúró lé e lórí díẹ̀. Ajẹ́nti á ní dọ́là 4,000 ni lóṣù, orí ẹni tó ń gbọ́ á wú, yóò fi iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà ní Èkó sọ ọ́ di púpọ̀, yóò sì ti ra ilẹ̀ tán lọ́kàn rẹ̀. Dọ́là Barbados ni dọ́là ọ̀hún. Láti 1975 ni méjì rẹ̀ ti ń jẹ́ ẹyọ dọ́là Amẹ́ríkà kan. Ìdajì owó náà ti lọ kó tó gbéra. Lẹ́yìn náà ni owó orí àti owó ìbánigbófò ìjọba yóò jáde, ilé yóò jáde, iná yóò jáde, ọkọ̀ yóò jáde. Láti 2017, ìjọba tún ń gba ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí èèyàn bá ṣẹ́ sí ti ilẹ̀ òkèèrè, tí ó túmọ̀ sí pé owó tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Màmá nílé náà yóò san tirẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò yìí sórí ìwé pẹ̀lú iye owó ilé tí ẹ bá rí gbà lẹ́nu ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu ajẹ́nti.

Iná mànàmáná Barbados kì í lọ bíi tiwa, ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í sì í dí èèyàn létí. Ṣùgbọ́n epo tí wọ́n ń rà láti òkèèrè ló ṣì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ó wọ́n. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi oòrùn gbóná omi lórí òrùlé. Ilé tó bá ní irú ẹ̀rọ yìí ni kí ẹ wá. Agbára iná wọn jẹ́ 115 vólítì, tiwa jẹ́ 230, ojú ihò tí wọ́n ń ki ṣáńjà sí sì dà bíi ti Amẹ́ríkà. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìlọta tí ẹ bá gbé láti ilé yóò kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, tàbí kó máa yí bí ẹni tó ń tòògbé. Ṣáńjà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà alágbèéká kò ní ìṣòro. Omi ẹ̀rọ wọn ṣe é mu. Ilẹ̀ erékùṣù náà, tó jẹ́ òkúta ẹfun òkun ní apá tó pọ̀ jù, ló ń sẹ́ ẹ bí òjò bá ti rìn wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi yẹn kò pọ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Àṣà kí oníkálukú gbẹ́ kànga sí àgbàlá rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Àṣìṣe tó ń náni lówó jù ni ti físà. Òótọ́ ni pé ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà kó tó ṣàbẹ̀wò sí Barbados. Ohun méjì ni wọn kì í sọ tẹ̀ lé e. Èkíní, ọkọ̀ òfuurufú kì í sábà gbéra ní Èkó kó lọ sọ̀ tààrà sí Grantley Adams, pápákọ̀ òfuurufú Barbados. Ó sábà máa ń gba ibòmíràn, àwọn ibi tí ọkọ̀ sì pọ̀ sí jù ló ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ wa: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè rẹ̀, Amẹ́ríkà ń béèrè rẹ̀, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà sì ń béèrè rẹ̀ bí èèyàn kò tilẹ̀ ní jáde ní pápákọ̀ òfuurufú wọn. Nítorí náà, ìlú tí kò béèrè físà ni à ń lọ, físà la ó sì fi dé ibẹ̀. Àwọn kan ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tán kí wọ́n tó gbọ́.

Èkejì, àbẹ̀wò ni wọ́n fún yín láyè láti ṣe, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ló ń bá a tọrọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìmígírésọ̀n, kó tó gbéra nílé. Wọ́n á fẹ́ mọ ìdí tí wọn kò fi rí ọmọ ilẹ̀ náà gbà. Ìwé náà dá lórí iṣẹ́ kan àti agbanisíṣẹ́ kan; ẹni tó bá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ kò lè rìn lọ sí ilé iṣẹ́ kejì ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè CARICOM, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ìlú Kàríbíánì, ní ẹ̀tọ́ tí àwa kò ní, nítorí náà nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ láti Guyana tàbí Jàmáíkà ti wà níwájú yín lórí ìlà. Ajẹ́nti tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ wọlé bí àlejò ná, kí ẹ wá máa wá iṣẹ́ níbẹ̀, ń rán yín lọ síwájú òṣìṣẹ́ ìmígírésọ̀n tó máa béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà, ibi tí ẹ máa wọ̀ sí àti owó tí ẹ máa ná, tó sì lè dá yín padà pẹ̀lú ọkọ̀ tó gbé yín wá.

Àwọn kan á wá fa Welcome Stamp yọ. Ní oṣù keje 2020 ni Barbados gbé e jáde: ó ń jẹ́ kí èèyàn gbé ibẹ̀ fún oṣù méjìlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe é, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò sì dín ní 50,000 dọ́là Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe é fún. 2,000 dọ́là Amẹ́ríkà ni owó rẹ̀ fún ẹnì kan. Kò fàyè sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Barbados. Ẹni tó bá ń tà á fún ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ ọ̀tẹ́ẹ̀lì, olè ni.

Ọ̀nà tó mọ́ wà, wọn kàn kì í pariwo rẹ̀ ni. Nígbà tí Barbados nílò nọ́ọ̀sì, ìjọba rẹ̀ àti ti Gánà ló jọ ṣe àdéhùn, àwọn nọ́ọ̀sì Gánà sì wọlé ní 2020 pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ ọdún méjì lọ́wọ́. Nàìjíríà náà ní Technical Aid Corps, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987 nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ó ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà lọ fún ọdún méjì sí àwọn ìlú Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì; Jàmáíkà wà lára àwọn tó ti gbà wọ́n. Nàìjíríà ló ń san owó ìgbọ́bùkátà wọn, ìlú tó gbà wọ́n ló ń fún wọn ní ilé. Kò sí ajẹ́nti nínú rẹ̀. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín ti dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà ní ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Abújà sì ti fi òǹtẹ̀ lu àwọn ìwé ẹ̀rí yín. Èyí lè gba oṣù púpọ̀.

Ní ti ìwà láàárín ìlú, díẹ̀ ló kù láti sọ. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí bọ́ọ̀sì láìkí ẹni tó bá níbẹ̀ ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Ibi yìí ni ẹ̀kọ́ ilé tiwa yóò ti gbè yín. Apá òsì ojú ọ̀nà ni wọ́n ń gbà wakọ̀, bíi tiwa kí Nàìjíríà tó yí padà ní 1972. Aṣọ alámì bíi ti sójà sì lòdì sófin fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun, títí kan ti ọmọdé àti fìlà. Ẹ yọ ọ́ nínú àpótí.

Mo fi àìsàn sẹ́yìn nítorí ibẹ̀ ni oòrùn ti ń tan èèyàn jẹ jù. Ọmọ Nàìjíríà gbà pé níbi tí ooru àti ẹ̀fọn bá wà, màláríà ni. Kò sí màláríà tó ń ràn ní Barbados. Dengue ni ó wà níbẹ̀. Chikungunya àti Zika náà sì ti jà níbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn sí ìsinsìnyí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń gbé wọn ní ìlà funfun lára, ọ̀sán ló ń jẹni, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń sùn lóru kò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀. Omi tó mọ́ ló ń yé sí: inú dúrọ́ọ̀mù, inú táyà, abẹ́ ìkòkò òdòdó. Bí dengue bá mú èèyàn, orí, ẹ̀yìn ojú àti oríkèé ara á máa fọ́ ọ. Oògùn ibà tí ẹ rà ní kẹ́mísì ní Mushin kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Paracetamol ni kí ẹ lò, kí ẹ máa mu omi, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ẹ má fọwọ́ kan aspirin tàbí ibuprofen, torí dengue lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya lára èèyàn, àwọn oògùn wọ̀nyẹn sì ń mú un burú sí i.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Màláríà tí ẹ bá gbé láti ilé lè farapamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yọjú, dókítà Barbados kì í sì í rí i lójoojúmọ́. Bí ibà bá mú yín ní oṣù àkọ́kọ́, kí gbólóhùn tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ ní ọsibítù jẹ́ pé Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún màláríà. Káàdì yẹ́lò náà kì í ṣe ìwé àfiṣeré. Wọ́n ń béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọlé, kí abẹ́rẹ́ náà sì ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kí ẹ tó gbéra.

Bí iṣẹ́ bá wá dára, tí ẹ lo ọdún mélòó kan, tí ẹ fẹ́ wá ṣe Kérésì nílé, agbára tí ara yín ti ní láti bá màláríà jà láti kékeré yóò ti dín kù. Ọmọ tí ẹ bí síbẹ̀ kò tilẹ̀ ní in rárá. Kí dókítà kọ oògùn ìdènà fún gbogbo yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ máa lò ó ní gbogbo àsìkò tí ẹ bá wà nílé, kí ẹ sì lò ó tán bí dókítà ṣe kọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà sí Barbados, bí ara gbogbo yín tilẹ̀ ń yá gágá.